Ọlábísí Àjàlá: Láti Chicago dé Bárígà

Bí ọmọdé kan kò bá fẹ́ dúró lójú kan, tí ó ń ti ilé dé ilé, Àjàlá ni ìyá rẹ̀ yóò pè é. Bí ẹnì kan bá ti òkè òkun dé lónìí tí ó tún ń di ẹrù lọ́la, Àjàlá náà ni. Orúkọ yìí ti wọ inú èdè wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò fi mọ̀ mọ́ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó jẹ́ ẹ. Nígbà tí mo ń múra àtikọ àpilẹ̀kọ yìí, mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mélòó kan léèrè ẹni tí Àjàlá í ṣe. Ọ̀kan rò pé Àjàlá Alámọ̀ tí ń mọ orí fún ẹ̀dá ní ọ̀run ni mo ń bèèrè. Òmíràn ní olórin ni. Àwọn tí ó tilẹ̀ mọ̀ pé arìnrìn-àjò ni, ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n rò pé ó ń wọ̀ kiri. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ni èmi sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ sọ Àjàlá di Àjàlá, àti nítorí pé èmi fúnra mi ń gun kẹ̀kẹ́. Anthony ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Èkó; Àkọkà ni mo ti ń kàwé. Àárín ibi méjèèjì yìí ni Bárígà wà, níbi tí ọkùnrin náà ti lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Bí mo bá ti ń kọjá níbẹ̀, ìbéèrè kan a máa yọ mí lẹ́nu: ẹni tí ó fi kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já, báwo ni ìbá ṣe fi kẹ̀kẹ́ náà dé Anthony láti ilé rẹ̀?

Moshood Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Ghana, tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ilé olórogún ni, ilé tí ọmọ kún bí ẹyẹ. Ó kéré nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Nàìjíríà, ibí ni ó sì ti kàwé kí ó tó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìṣègùn ni ó kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Chicago ni ó fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1952, Yunifásítì Roosevelt tí ó wà ní ìlú náà ni ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá.

Ohun tí ó ń dun Àjàlá jù lọ ní Amẹ́ríkà ni èrò òdì tí àwọn ará ibẹ̀ ní nípa Áfíríkà. Sinimá ni ó kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n mọ̀, ohun tí sinimá sì ń fi hàn wọ́n kò ju igbó àti ẹranko lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, bóyá yóò kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, yóò sì jókòó ti ìwé rẹ̀. Àjàlá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pinnu pé òun yóò gbé ara òun lọ bá wọn ní ìlú wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ọmọ Áfíríkà kí wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1952 ni ó gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Chicago, ó dorí kọ Los Angeles ní etí òkun Pàsífíìkì. Máìlì 2,280 ni ìrìn náà, ọjọ́ 28 ni ó fi rìn ín. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ díẹ̀. Ó ju máìlì 80 lọ lójúmọ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi kẹ̀kẹ́ ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó tún bọ́ sí ọ̀nà irú rẹ̀ mìíràn, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fi pé. Ìlú tí ó bá dé, yóò bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ wa. Èyí tí ó wá ya àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́nu jù ni pé aṣọ ìbílẹ̀ wa ni ó wọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, pẹ̀lú agbádá ìyàwó àbúrò bàbá mi tí mo yá fún eré ẹgbẹ́ wa. N kò tíì dé òpin àdúgbò tí ṣéènì fi gbá a mú, owó ìtúnrán rẹ̀ sì bọ́ sí mi lọ́rùn. Bí Àjàlá ṣe ṣe é fún máìlì 2,280 kò yé mi títí di òní.

Ṣùgbọ́n kí á má fi ìyàlẹ́nu gbàgbé ohun kan. Ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1952, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ilé ìwé, katikíìsì ń gùn ún lọ wàásù ní abúlé, akọ̀wé ń gùn ún lọ sí ọ́fíìsì, oníkòkó tí ọjà tà fún yóò ra Raleigh tuntun kí ó tó ronú kan páànù. Ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ nígbà náà, gbajúmọ̀ ni. Nítorí náà, nígbà tí Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ jáde ní Chicago, kì í ṣe ohun eré ìdárayá ni ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ojú ara rẹ̀. Ohun tí ọmọ ilẹ̀ wa fi ń rìn ìrìn gidi ni.

Ohun kejì tí kò yẹ kí á gbàgbé ni ọ̀nà tí ó gbà. Ìgboyà ni gbogbo ènìyàn máa ń yìn bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Àjàlá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgboyà kì í sọ odò di ilẹ̀. Ní ọdún 1952, òpópónà tí ó so ìlú mọ́ ìlú ní Amẹ́ríkà máa ń gba àárín ìlú gan-an kọjá, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìtura. Ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà ni kẹ̀kẹ́ ń gbà, òun kan náà sì ni ó yá jù. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìrìn rẹ̀, ní 1956, ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó bí àwọn títì márosẹ̀ ńláńlá tí ó yẹ ìlú sílẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ní ibi púpọ̀ jù lọ nínú wọn, ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ gun orí wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ogún ọdún lẹ́yìn náà ni Àjàlá gbéra, ìgboyà kan náà ni yóò ní, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀bá-ẹ̀bá ni yóò máa wá kiri.

Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Ẹni tí ó wà nínú mọ́tò, bí wọ́n bá ní kí ó yí po fún ìdajì máìlì, epo ni yóò fi san án, ara rẹ̀ kò ní mọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀. Gbogbo ìyípo, itan rẹ̀ ni yóò fi san án. Bí ó bá ti rí ìsáré mú, tí wọ́n sì dá a dúró, agbára tí ó ti kó jọ bọ́ sọnù nìyẹn, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ tí ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, kì í ṣe oníkẹ̀kẹ́ mọ́, alárùú ni. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń wo ọ̀nà tí oníkẹ̀kẹ́ rìn ní tòótọ́, wọn a sì fi wé bí ibi tí ó ń lọ ti jìnnà sí i tó bí ẹyẹ bá ń fò. Bí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀ jù, kò sí ìpolówó tí ó lè mú ènìyàn gùn ún.

Kí n padà sí ìtàn mi. Àjàlá dé Los Angeles, òkìkí rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ilé iṣẹ́ sinimá Twentieth Century Fox fún un ní ipa kékeré nínú White Witch Doctor, tí ó jáde ní ọdún 1953. Ìtàn nípa Áfíríkà ni sinimá náà, irú èyí tí Àjàlá tìtorí rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ gan-an. Bóyá owó ni, bóyá òkìkí ni. N kò dá a lẹ́bi púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò dùn mí. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí ọ̀ràn dé. Wọ́n fi ẹ̀sùn ayédèrú ṣẹ́ẹ̀kì kàn án, ìjọba sì ní kí ó fi ilẹ̀ àwọn sílẹ̀. Àjàlá gun òpó rédíò gíga kan lọ, ó kọ̀ kò sọ̀kalẹ̀, ó ní òun yóò kúkú jábọ́ kú. Nígbà tí ó ṣe, ó sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí London. Àwọn kan a máa fo apá yìí nínú ìtàn rẹ̀. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi fò ó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbélẹ̀, kòtò ní láti wà ní ọ̀nà rẹ̀.

London yìí ni ó ti tún gbéra ní ọdún 1957, kẹ̀kẹ́ kọ́ ni ó gùn lọ́tẹ̀ yìí bí kò ṣe alùpùpù kékeré tí à ń pè ní sìkútà. Orí rẹ̀ ni ó ti rí Yúróòpù, Rọ́ṣíà, ilẹ̀ Lárúbáwá àti Íńdíà. Ó bá Nehru sọ̀rọ̀, ó bá Khrushchev sọ̀rọ̀, ó bá Golda Meir ti Ísírẹ́lì náà sọ̀rọ̀. Ìwé tí ó kọ nípa ìrìn yìí, An African Abroad, jáde ní London ní ọdún 1963. Ó yẹ kí ìwé náà wà ní ọwọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ní ọdún 1972 ni Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin, orin náà ni ó sì gbé orúkọ náà wọ inú èdè, tí ó fi di pé àwọn ènìyàn mọ orúkọ tí wọn kò mọ ẹni tí ó ni ín.

Ní àkókò tí Àjàlá ń gbéra ní London, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú Stevenage, tí kò jìnnà sí London ju nǹkan bíi máìlì 30 lọ. Ìlú tuntun ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹnjiníà rẹ̀, Eric Claxton, fẹ́ràn kẹ̀kẹ́, òun fúnra rẹ̀ ń gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́. Ó la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀ káàkiri ìlú, ó gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ títì kí oníkẹ̀kẹ́ má baà pàdé mọ́tò ní oríta. Ó dára ní wíwò. Síbẹ̀ àwọn ará Stevenage kò gun kẹ̀kẹ́ bí ó ti rò. Kí ni ó fà á? Títì mọ́tò tí wọ́n là síbẹ̀ náà gún, ó tẹ́jú, kò sí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lórí rẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì pọ̀. Mọ́tò ni ó yá jù, mọ́tò ni wọ́n wọ̀.

Ní ilẹ̀ Netherlands, ní àwọn ọdún 1970, ìlú Den Haag àti Tilburg la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, gígùn, olówó ńlá. Oníkẹ̀kẹ́ kó ara wọn jọ sí orí ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n iye wọn ní ìlú kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Delft wá gba ọ̀nà mìíràn ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n wo ìlú látòkè délẹ̀, wọ́n wá ibi tí ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́ ti já, wọ́n sì ń so wọ́n: afárá kékeré kan níhìn-ín, ọ̀nà abẹ́ títì kan lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti gbèrú sí i. Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ Delft ni ó kàn wá jù ní Èkó, nítorí pé owó Tilburg kò sí lọ́wọ́ wa, ọ̀nà jíjá sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí èèrùn.

Ní àwọn ọdún 1970 yìí kan náà, tí gbogbo ènìyàn ń kọrin Àjàlá, owó epo rọ̀bì dé sí Nàìjíríà, irú títì tí Amẹ́ríkà ń là láti 1956 sì dé sí Èkó. Títì márosẹ̀ tí ó ti Àpápá gba Òṣòdì wá ń lọ sí Ọ̀wọ́rọ̀nṣókí, Anthony ni ó ti pàdé títì Ìkòròdú. Oríta tí wọ́n ṣe síbẹ̀ jẹ́ oríta aláfárá, tí ọ̀nà ń ká bí ejò láti orí títì kan sí èkejì. Awakọ̀ tí ó bá ń ti Gbàgàdà bọ̀ kò ní dúró rárá. Ṣùgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ tí ó bá wọ inú ìyípo yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mọ́tò yóò ti máa bọ̀ pẹ̀lú ìsáré, apá òsì àti apá ọ̀tún, kò sì sí etí títì tí yóò sá sí. N kò gba ibẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí dánfó kan ti fi dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ìgbọ̀nwọ́ mi. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ń gbé kẹ̀kẹ́ mi gùn nísinsìnyí, àkàsọ̀ lẹ́yìn àkàsọ̀, láàárín àwọn oníbọ̀ọ̀lì àti ọlọ́mọ lẹ́yìn.

Ní ọdún 2008, wọ́n ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá BRT lórí títì Ìkòròdú láti Máìlì 12 lọ sí CMS, wọ́n sì fà á dé Ìkòròdú ní 2015. Ohun rere ni, mo ń wọ̀ ọ́ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n fún bọ́ọ̀sì nìkan ni. Oníkẹ̀kẹ́ kò ní tirẹ̀. Ní 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde nípa ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n fi òfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́ àti Ṣómólú pẹ̀lú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjì mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò wa mọ ohun tí èyí ṣe. Àwọn ìrìn kúkúrú tí ọ̀kadà ń gbé wa rìn, ìrìn máìlì kan sí mẹ́ta, di ti ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ̀kẹ́ wà fún. Àyè ṣí sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ nígbà náà bí kò ti ṣí sílẹ̀ rí láti ìgbà oníkòkó, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò sí.

Bárígà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú yìí, ni Àjàlá wà ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé la Amẹ́ríkà kọjá kò lè rìn mọ́. Owó kò sí, àwọn tí ó ń jó sí orin rẹ̀ kò sì mọ ilé rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1999.

Láti Bárígà sí Anthony kò ju máìlì mẹ́ta lọ bí ẹyẹ bá ń fò. Bí Àjàlá ṣe ń rìn ní 1952, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún ni. Ní ọjọ́ Sunday kan ní oṣù tí ó kọjá, ní aago méje òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó pọ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ mi kúrò ní Bárígà láti wò ó. Àwọn òpópónà inú àdúgbò dára ju bí mo ti rò lọ. Mọ́tò kì í sáré níbẹ̀, iwájú ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń gbà kọjá, ìyá aládìn-ín kan sì kí mi kú ìrìn. Kò sí ohun tí a ní láti kọ́ síbẹ̀ ju kí a dí kòtò, kí a bo gọ́tà tí ó là sílẹ̀, kí a sì kọ àmì sí ara ògiri pé ibí ni ọ̀nà Anthony. Mo ń lọ geere. Ìgbà tí mo dé ibi tí títì márosẹ̀ gé àdúgbò sí méjì ní Gbàgàdà ni nǹkan yí padà. Mo rí òdìkejì, mo rí òpópónà tí ó yẹ kí n bọ́ sí, ó wà níwájú mi gbọnrangandan, kò tó ibi tí ènìyàn ju òkò sí. N kò lè dé ibẹ̀. Mo yí lọ, mo yí bọ̀, mo sọ̀kalẹ̀, mo ti kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, mo tún gùn ún, mo tún sọ̀kalẹ̀. Ní oríta Anthony, mo gbé e lé èjìká.

Ìgbà mẹ́jọ ni mo sọ̀kalẹ̀. Ìgbà méje nínú rẹ̀ wà ní ibi méjì péré, ìyẹn Gbàgàdà àti oríta Anthony. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, aago mi fi hàn pé ìṣẹ́jú 52 ni mo fi rìn ín.